“Olè Náà Jù Mí Lọ”: Ohun Tí À Ń Kà Nínú Ìwé Àwọn Ọmọ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí àwa olùkọ́ kíláàsì Yorùbá sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Kánò)

  A mọ̀ pé ọbẹ̀ ti ń ta sánsán láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, nítorí náà a kò ní pẹ́.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ kọ̀wé sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ipò tí èdè Yorùbá wà láàárín àwọn ọmọ wa ní Òkè Ọya, ńṣe ni a wo ara wa lójú. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń di ẹkún. Àwọn kan á ní èdè ti ń kú lọ, àwọn kan á ní ìyá ló jẹ̀bi, àwọn ìyá á ní bàbá ni, lẹ́yìn náà gbogbo wa á lọ jẹun. Àwa ní kí a má sunkún lọ́dún yìí. Ohun tí àwọn ọmọ fúnra wọn kọ ni a fẹ́ kà fún yín. A kò ní dárúkọ ọmọ kankan. Bí ẹ bá sì dá ọ̀rọ̀ ọmọ tiyín mọ̀ níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má na ìka sí i.

Fún àwọn tí kò mọ kíláàsì wa, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni. Àwọn ọmọ náà wà láàárín ọdún méje sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀pọ̀ wọn ni a bí síhìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé ìwé, Hausa ni wọ́n ń sọ ní àdúgbò àti lọ́jà, nílé ni wọ́n sì ti ń gbọ́ Yorùbá, àgàgà tí ìyá bá ń bínú. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan a máa ń fún wọn ní àkọlé, kí wọ́n kọ ojú ìwé kan.

Àkọlé ọjọ́ kan ni “Ọjọ́ Tí N Kò Lè Gbàgbé”. Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan kọ ọ́ báyìí: “Olè wọ ilé wa ní òru. Wọ́n gun fẹ́ńsì. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n wa. Bàbá mi lé wọn, wọ́n sì jábọ́ sínú gọ́tà.” A bi í pé olè mélòó ló wá. Ó ní ẹyọ kan ni. A ní kí ló dé tó fi ń pe ẹyọ olè kan ní “wọ́n”? Ó wò wá bí ẹni pé àwa ni kò mọ Yorùbá. Ó ní: “Ẹ̀yin lẹ ní kí a máa fi ‘wọ́n’ pe ẹni tó bá jù wá lọ. Olè náà jù mí lọ.”

Ẹ sọ fún wa, níbo ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí? Òfin tí a fún un ló tẹ̀ lé. A sọ fún un pé ọ̀wọ̀ ń tẹ̀ lé ọjọ́ orí, a kò sọ ibi tí ọ̀wọ̀ ń dé dúró. Ọmọbìnrin kan tilẹ̀ fi “wọ́n” pe ajá wọn tó kú, torí pé ajá náà ti pé ọdún mẹ́wàá, òun sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ yìí ni a ti ń rẹ́rìn-ín jù, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ti ń bi wá ní ìbéèrè tó le jù. Ẹnìkan nínú wọn bèèrè pé: “Bàbá mi, mo gbọ́dọ̀ sọ pé ‘Ẹ ṣeun.’ Ọlọ́run, a ń sọ pé ‘O ṣeun.’ Ṣé bàbá mi ju Ọlọ́run lọ ni?” Ọ̀kan nínú àwa olùkọ́ ní torí pé Ọlọ́run jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni, èkejì ní rárá, torí pé Ó sún mọ́ wa ni. Wọ́n ń jiyàn lórí rẹ̀ títí aago mẹ́fà fi lù, àwọn ọmọ sì jókòó, wọ́n ń gbádùn ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ń ti inú èdè míràn bọ̀ sí tiwa. Ní Hausa, “kai” kan náà ni a sábà ń lò fún ọkùnrin, ìbáà ṣe ọmọdé tàbí àgbà. Bí ènìyàn bá fẹ́ bu ọlá fún àgbà, á fi “ranka ya daɗe” kún un, èyí tó jẹ́ àdúrà pé kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ kan kọ lẹ́tà sí bàbá àgbà rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé, “Bàbá àgbà, kí ẹ̀mí rẹ kí ó gùn, báwo lo ṣe wà?”, kì í ṣe àfojúdi. Ó gbé ọ̀wọ̀ wá tọwọ́tẹsẹ̀, ibi tí Hausa ń gbé tirẹ̀ sí ni òun náà gbé e sí. Àmọ́ bàbá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò gbọ́ Hausa. “Lo ṣe wà” nìkan ni yóò rí, inú á sì ti bí i kí ó tó rántí ṣe àmín sí àdúrà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó fẹ́ pa wá lẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan lọ lo ìsinmi, ó padà dé, ó kọ ọ́ pé: “Nígbà tí a dé Ìlọrin, mo pa ìyá àgbà dé lẹ́nu ọ̀nà, inú wa sì dùn gan-an.”

Bí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín yìí, ẹ dúró kí ẹ wo ohun tí ọmọ yìí ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni a kọ́ wọn pé àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wa kan wà tó máa ń la ara wọn sí méjì kí ohun tí a ń sọ lè jókòó sí àárín. A kì í sọ pé “ó bàjẹ́ ìwé mi”. “Ó ba ìwé mi jẹ́” ni. A kì í sọ pé “ó rànlọ́wọ́ mi”. “Ó ràn mí lọ́wọ́” ni. A kì í sọ pé “mo gbàgbọ́ Ọlọ́run”. “Mo gba Ọlọ́run gbọ́” ni. Ọmọ yìí gbọ́, ó sì yé e. Ó tún ń gbọ́ nílé lójoojúmọ́ pé “pa ilẹ̀kùn dé.” Ó wá ronú pé bí “padé” ti ilẹ̀kùn bá lè là sí méjì, kí ló dé tí “pàdé” ti ìyá àgbà kò fi ní là? Ohun kan péré ló yà wọ́n, àmì ohùn ìsàlẹ̀ kan báyìí lórí “pà”. Àwa àgbà kò ṣe àṣìṣe náà rí, torí pé a kò fìgbà kan ronú nípa rẹ̀. Ẹni tó ń ronú ló lè pa ìyá àgbà dé.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ka gbogbo ohun tí Yorùbá ń pa. A ń pa ẹran, ìyẹn yé wọn. Ṣùgbọ́n a tún ń pa iná, a ń pa òwe, a ń pa àlọ́, a ń pa ariwo, a ń pa àtẹ́wọ́, a ń pa àṣẹ, àwọn oníṣòwò wa tó jókòó síwájú yìí sì ń pa owó. Ọmọ kan ní: “Yorùbá kì í dá nǹkan sí.”

Ọ̀rọ̀ jíjẹ àti mímu tilẹ̀ tún gba ọ̀tọ̀. Ọmọ kan kọ ọ́ pé: “Mo jẹ ìdánwò mi, bàbá mi sì ra báàgì fún mi.” Ẹni tó ti Ìjẹ̀bú dé lánàá á rò pé ọmọ náà rún bébà ìdánwò mì ni. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Kánò ti mọ ibi tó ti mú un: “Na ci jarrabawa.” Hausa ń jẹ ìdánwò, àwa ń yege. Òmíràn kọ ọ́ pé, “Mo mu ìyà púpọ̀ ní oko,” torí pé “na sha wuya” ni wọ́n ń sọ ládùúgbò. A ní Yorùbá kì í mu ìyà, a máa ń jẹ ẹ́ ni. Ó ní: “Ṣé ìyà Yorùbá le ju ti Hausa lọ ni?” Ẹ̀yin àgbà, ẹ dá a lóhùn. Lórí gbèsè ṣá, ẹnu kò: Hausa ń jẹ ẹ́, àwa náà ń jẹ ẹ́, a sì mọ adùn rẹ̀ àti ìkorò rẹ̀.

Kí ẹ má rò pé tiwa ló gún régé. Ọmọ tó kọ ọ́ pé òun “mu máńgòrò” ni a fẹ́ tọ́ sọ́nà. A ní jíjẹ ni máńgòrò. Ó ní ọsàn ńkọ́? A ní mímu ni. Ó ní ṣé kò sí omi nínú máńgòrò ni? Hausa ń mu méjèèjì, ó tilẹ̀ ń mu ìrèké pẹ̀lú. Bí a bá gbé ẹjọ́ yìí dé ilé ẹjọ́, a ó jẹ̀bi.

Òmíràn tún kọ ọ́ pé: “Nígbà tó di ọ̀sán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ebi.” “Ina jin yunwa” nìyẹn. Ní Hausa, ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi ń gbọ́ ìró ni a fi ń mọ ebi lára. A ṣàlàyé fún un pé ní Yorùbá, ebi ló ń ṣe iṣẹ́, kì í ṣe àwa. Ebi ń pa mí, òùngbẹ ń gbẹ mí, oorun ń kùn mí, òtútù ń mú mi. Àwa jókòó ni, àwọn ni wọ́n wá bá wa. Ọmọ náà gbà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó na ọwọ́: “Ṣùgbọ́n màmá mi sọ lónìí pé òun ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ tó jóná. Etí wo ni wọ́n fi gbọ́ ọ?” Ó tọ̀nà. Yorùbá ń gbọ́ òórùn. Láti ọjọ́ tí a ti ń sọ ọ́, kò sí ẹni tó ti bi wá rí.

A fẹ́ràn láti máa fi irú èyí hàn wọ́n pé èdè méjèèjì tí wọ́n gbé sórí ahọ́n kì í ṣe ọ̀tá. Àwọn méjèèjì ti ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ara wọn tipẹ́. “Agogo” tí Hausa ń lò fún aago, lọ́dọ̀ wa ni wọ́n ti mú un. “Àlùbọ́sà” tí a ń gé sínú ọbẹ̀ gba ọ̀dọ̀ Hausa kọjá láti inú èdè Lárúbáwá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ tiwa.

Ẹ jẹ́ kí a mẹ́nu ba ibi kan tí Yorùbá ti ju àwọn èdè mìíràn lọ, torí pé àwọn òbí wà níbẹ̀ tó yẹ kó gbọ́. A bèèrè owó ìwé lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ọmọ kan mú lẹ́tà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ wá: “Bàbá mi sọ pé ó máa san owó náà ní ọjọ́ Ẹtì.” Ní Gẹ̀ẹ́sì kò sí wàhálà. Ní Yorùbá, bí bàbá bá ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, “òun máa san án” la ó kọ. “Ó máa san án” túmọ̀ sí pé ẹlòmíràn kan, tí a kò mọ̀, ni yóò san án. Nígbà tí bàbá náà wá, a fi lẹ́tà hàn án, a bi í pé ta ni ẹni tó ń sọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ òun kò ṣì í, òun ti ń retí ẹni náà láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n ó sanwó.

Àmì ohùn ni ọ̀pọ̀ òbí ń bi wá léèrè pé kí la fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní àwọn kọ̀wé láìfi àmì sí i, wọ́n sì jẹun yó. Bóyá nítorí pé nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé ní 2001, kò sí bí a ṣe lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ ni ó fi mọ́ wa lára. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ ìtàn ìdílé kan nínú wa. Ìlú kò fararọ nígbà náà, wọ́n kó ìyàwó àti àwọn ọmọ lọ sílé. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan dé ọ̀dọ̀ ìyá wọn ní Ọ̀ṣun: “Gbogbo wa ti de Ibadan. Egbon lo ku ni Kano.” Ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn ni pé ẹ̀gbọ́n ló kù, òun nìkan ló ṣẹ́kù lẹ́yìn láti ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí ìyá kà ni pé ẹ̀gbọ́n ló kú. Kí ẹnikẹ́ni tó rí i pè lórí fóònù, àdúgbò ti kún, wọ́n ti tú gèlè lórí ìyá. Ẹ̀gbọ́n náà wà nínú gbọ̀ngàn yìí, ó ti jẹ ẹ̀bà wá. A sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ ní kíláàsì, ó sì di ọ̀rọ̀ tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn ló fi àmì sórí ọ̀rọ̀, àní lórí orúkọ ara wọn pàápàá. Lónìí kíìbọ́ọ̀dù Yorùbá wà fún fóònù, kò sí àwáwí mọ́.

Láti ara “kú” yẹn ni wọ́n ti bi wá pé kí ló dé tí a fi ń fi “ẹ kú” kí ènìyàn. A ní kú ti ìkíni yàtọ̀ sí kú ti ikú, ohùn wọn ló dọ́gba. Inú wọn dùn sí ìkíni yìí nítorí pé kò lópin. Wọ́n ti kí wa ní “ẹ kú kọ̀ǹpútà”, “ẹ kú àìsíná”, “ẹ kú ọyẹ́”, ọmọ kan sì kí olùkọ́ tó ń máàkì ìwé rẹ̀ pé “ẹ kú ìbínú.” A sọ fún wọn pé ìkíni yìí ti sọ àwọn ènìyàn lórúkọ rí. Àwọn ará wa tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú tí wọ́n fi tẹ̀dó sí Freetown ní Sàró, “Aku” ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n, torí pé “ẹ kú” yìí, “ẹ kú” tọ̀hún, kò kúrò lẹ́nu wọn.

Àárín àwọn Aku yìí sì ni kíkọ Yorùbá sílẹ̀ ti gbilẹ̀. Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, Sàró ló ti kọ́ ìwé. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ jáde ní 1843, ní January 1844 ó sì ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown. Ìlú àjò ni wọ́n wà bíi tiwa, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá wọn náà kì í ṣe ọ̀kan: Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú bó ṣe ń sọ tirẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọmọ wa pé ìlú àjò kò lè tọ́jú Yorùbá, a máa ń ní kí ó béèrè ibi tí ìwé ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sípẹ́lì kò pọ̀. Àwọn ọmọ ń rí “aiye”, “enia” àti “nwọn” nínú Bíbélì ìyá àgbà, àwa ní “ayé”, “ènìyàn” àti “wọ́n” ni kí wọ́n kọ, bí ìjọba ṣe fọwọ́ sí i ní 1974. Ọmọ kan bèèrè bóyá Bíbélì á gba òdo nínú àpèkọ. A sáré kọjá ibẹ̀.

Òǹkà náà ńkọ́? Wọ́n ní Yorùbá fẹ́ràn gbèsè: kí ó tó dé márùndínlógójì, ó ti lọ yá ogójì wá ná, lẹ́yìn náà ni yóò dá márùn-ún padà.

Ohun tó gbé wa dìde gan-an la fẹ́ sọ báyìí. Ọmọ tó pa ìyá àgbà dé, a kò rẹ́rìn-ín rẹ̀ ju bí òun náà ti rẹ́rìn-ín lọ. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan wà tó lọ ọdún Kérésì nílé. Nígbà tó la ẹnu, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Gàm̀bàrí ti dé. Àgbàlagbà kan nínú ilé wá sọ ọ́ di eré. Bí àlejò bá ti wọlé, á pè é pé kí ó wá tún gbólóhùn kan báyìí sọ, gbogbo wọn á sì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà padà sí Kánò ní January. Ó ń wá sí kíláàsì, ó ń jókòó, ṣùgbọ́n kò kọ nǹkan kan títí di May. Tí a bá bi í ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn, Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán.

Ẹ̀rín méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú kíláàsì wa, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣàlàyé ìdí tó fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ni a óò rẹ́rìn-ín, òun ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. A kì í lo bírò pupa. Tí ọ̀rọ̀ kan kò bá tọ̀nà, a ó kọ èyí tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a kì í fagi lé ti ọmọ, kí ó lè máa rí ibi tó ti ń bọ̀. Ọmọkùnrin yẹn ti ń kọ̀wé báyìí. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tó kọ ní May ni: “Ebi kò gbọ́ mi lónìí.” Títí di òní, a kò tíì mọ bóyá ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá wa ṣe é. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ nílé ìwé, ní 2025 wọ́n fagi lé e. Ká tilẹ̀ ní wọn kò fagi lé e, èdè àdúgbò ni ìlànà náà ń wí, Hausa ni èdè àdúgbò ní Kánò, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ wa kò ju méjì lọ. Ìkínní, ẹ bá wa bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ kí ọmọ tó lọ ọdún, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá dé. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ẹ ní ọmọ ń bọ̀, ó ń sọ Yorùbá Kánò, kí wọ́n jẹ́ kí ó sọ ọ́. Ìkejì, kíláàsì yóò wọlé padà ní Sátidé kejì lẹ́yìn ọdún. Ìwé kan, pẹ́ńsùlù kan, irésà kan ni a fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn kọ iṣẹ́ àṣetiléwá wọn mọ́. A máa ń dá a mọ̀. Èyí tí bàbá bá kọ, kò sí olè tó jù ú lọ níbẹ̀, kò sì sí ìyá àgbà tí ẹnikẹ́ni pa dé.

 Ẹ jẹ́ kí a lọ jẹun.